Gaskẹ́ẹ̀tì wo ló ṣeé dá padà? Àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ́ńjìnnì yìí ló ń yí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Bẹntiróòlù ló ń mu, 163 cc ni, àwòṣe Honda GX160: ihò písítìnnì rẹ̀ fẹ̀ tó 68 mm, ìrìn písítìnnì 45 mm, ọ́ìlì rẹ̀ 0.6 lítà. Irú rẹ̀ kan náà ló wà lára ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ 2.5 KVA tó wà nílé, torí náà ẹni tí kò rin ẹ̀gẹ́ rí náà lè bá wa ka a. Iṣẹ́ náà gba ọjọ́ méjì. Ohun tí a fẹ́ kọ sílẹ̀ jù níbẹ̀ ni ẹjọ́ gaskẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí àárín irin méjì kó má jò) àti rọ́bà kọ̀ọ̀kan: èyí tí a dá padà sára ẹ́ńjìnnì, èyí tí a jù nù, àti ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀.

Kí sípánà tó kàn án

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án nìyí. Bí ẹ̀gẹ́ kò bá tíì wọ ẹnu ẹ̀rọ, ó ń dún geere. Bí wọ́n bá ti da abọ́ kan sí i, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, á fẹ́ kú. Okùn tí wọ́n fi ń fà á dún ti wá rọ̀ jù, ọmọ kékeré lè fà á. Fóòmù tó ń sẹ́ atẹ́gùn rin gbingbin fún ọ́ìlì. Ẹnì kan sì ti fi gọ́ọ̀mù dúdú yí ibi tí tọ́ọ̀pù sílíńdà (orí ẹ́ńjìnnì) àti búlọ́ọ̀kù (ara rẹ̀ tí písítìnnì ń rìn nínú rẹ̀) ti pàdé ká láti ìta, bí ẹni ń fi ẹrẹ̀ dí ihò ògiri.

Lára tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì yìí, irin tó pààlà láàárín ihò písítìnnì àti àyè tí ọ̀pá tápẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn atẹ́gùn àti èéfín ẹ́ńjìnnì) ń gbà tín-ín-rín gan-an. Ibẹ̀ ni gaskẹ́ẹ̀tì sábà máa ń jó. Bó bá jó níbẹ̀, agbára tó yẹ kó ti písítìnnì lọ sísàlẹ̀ á gba àyè ọ̀pá tápẹ́ẹ̀tì wọ inú àpò ọ́ìlì. Atẹ́gùn á kún inú àpò náà, á máa ti ọ́ìlì jáde láti ihò ìmí, ọ́ìlì á sì bọ́ sínú fóòmù. Ẹ rí i pé gọ́ọ̀mù ìta kò lè ran irú èyí lọ́wọ́, torí jíjò náà kò yọ síta rárá. Inú ló ti ń jò sí inú.

A dán an wò kí a má baà tú u lásán. A yọ ìdérí ihò ọ́ìlì, a fa okùn títí ó fi le lọ́wọ́, a dì í mú síbẹ̀. A gbọ́ "ṣíì" láti inú ihò ọ́ìlì. Ohùn yẹn nìkan kò tó ẹ̀rí, torí ríǹgì písítìnnì (òrùka irin tó yí i ká) tó ti jẹ náà ń mí sí ibẹ̀. Nítorí èyí a da ọ́ìlì ṣíbí tíì kan sí ihò púlọ́ọ̀gì, a fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó lè tàn ká ara ríǹgì, a tún dì í mú. Bó bá jẹ́ ríǹgì ni, ohùn náà ì bá dín kù. Kò dín. Gaskẹ́ẹ̀tì ni.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ni ẹ̀rọ ni pé: "Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé èyí tó wà lára rẹ̀ ò ṣeé dá padà? Ẹ sáà fi gọ́ọ̀mù sí i." Ìbéèrè gidi ni. Kò sí ìdáhùn kan ṣoṣo tó kárí gbogbo gaskẹ́ẹ̀tì tó wà lára ẹ́ńjìnnì, ẹni tó bá sì ní "gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ pààrọ̀" ń náwó olówó, bí ẹni tó ní "gbogbo rẹ̀ ló ṣeé lò" ṣe ń tún iṣẹ́ kan ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tí gaskẹ́ẹ̀tì ń ṣe

Bó ti wù kí wọ́n fi ẹ̀rọ gé irin kó tẹ́jú tó, kòtò kéékèèké ṣì wà lójú rẹ̀. Gaskẹ́ẹ̀tì ló ń di kòtò náà. Ọ̀nà méjì ló sì ń gbà dì í.

Ẹ̀yà kìíní tẹ̀, kò padà mọ́. Bébà gaskẹ́ẹ̀tì, gaskẹ́ẹ̀tì oní-gíráfáìtì, èyí tó ní òrùka irin lẹ́nu, àti wọ́ṣà bàbà tàbí alùmíníọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ tó tẹ amọ̀ tútù ni: bí amọ̀ bá ti gbẹ, ẹsẹ̀ yẹn gan-an kò ní bá ojú rẹ̀ mu mọ́ bó bá yẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀yà kejì tẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tì padà. Rọ́bà nìyẹn: ọ́-ríǹgì, rọ́bà ìdérí tápẹ́ẹ̀tì, ẹnu ọ́ìlì síìlì. Èyí ṣeé lò títí dìgbà tí kò bá lè tì padà mọ́.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ohun tó ń dá dúró. Iná àti agbára ńlá, bẹntiróòlù, ọ́ìlì gbígbóná, àbí ọ́ìlì tó kàn ń ta sí i? Gaskẹ́ẹ̀tì tó ń dá ọ́ìlì tó ń ta sí i dúró lè kùnà díẹ̀, kí ẹ kàn fi àkísà nù ún. Èyí tó ń dá iná dúró kò ní díẹ̀.

Òfin kan ṣáájú gbogbo èyí: gaskẹ́ẹ̀tì tí kò jò, tí iṣẹ́ kò sì gba ibẹ̀ kọjá, ẹ má tú u. Gaskẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ àpò ẹ́ńjìnnì yìí gbẹ táútáú, a kò fọwọ́ kàn án. Bébà ni, ó ti lẹ̀ mọ́ irin méjèèjì láti ọdún pípẹ́, bí a bá ṣí i, yíya ni yóò ya.

Títú

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Tọ́ọ̀pù alùmíníọ́ọ̀mù tí wọ́n tú bóòtù rẹ̀ nígbà tó ṣì gbóná lè tẹ̀. A ti bẹntiróòlù, a yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, a ja ọ́ìlì sínú abọ́ mímọ́ kí a lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Àpótí àlẹ̀mọ́ atẹ́gùn, kábúrétọ̀ (tó ń po bẹntiróòlù mọ́ atẹ́gùn), sàlẹ́ńsà àti ìdérí fáànù ló tẹ̀ lé e.

Fún bóòtù, a mú páálí kan, a ya àwòrán ẹ́ńjìnnì sí i lójú lásán, a lu ihò, a ki bóòtù kọ̀ọ̀kan sí àyè tó ti wá. Bóòtù ẹ̀rọ yìí gùn ju ara wọn lọ, èyí tó bá sì gùn jù tí ẹ bá ki í sí ihò tí kò jìn, ẹ óò rò pé ó ti dè nígbà tí irin méjèèjì kò tíì fara kan ara.

Bóòtù tọ́ọ̀pù mẹ́rin ni. A dẹ̀ wọ́n ní ìdajì yíyí, ní ìkọ̀rọ̀ sí ìkọ̀rọ̀, títí gbogbo wọn fi rọ̀. Bí tọ́ọ̀pù kò bá fẹ́ yọ, igi ni kí ẹ fi gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́. Ẹ má ki súkúrú-díráfà sáàárín irin méjì láé. Ojú ọgbẹ́ tí ẹ bá dá síbẹ̀, kò sí gaskẹ́ẹ̀tì tuntun tó máa dí i.

Ohun méjì ló tún máa ń sọnù níbí. Ọ̀pá tápẹ́ẹ̀tì méjèèjì: ẹ sàmì sí èyí tó jẹ́ ti ẹnu ìwọlé àti èyí tó jẹ́ ti sàlẹ́ńsà, kí wọ́n padà sí àyè wọn. Èkejì ni fìlà irin kékeré kan tó wà lórí fáàfù sàlẹ́ńsà. Bó bá bọ́ sínú koríko, iṣẹ́ ti dúró nìyẹn.

Nígbà tí ìdérí fáànù kúrò ni ìdí ọ̀rọ̀ tó yọjú. Àwọn ìyẹ́ alùmíníọ́ọ̀mù tó yẹ kí atẹ́gùn máa gba àárín wọn kọjá ti dí pátápátá. Ṣítáàṣì ẹ̀gẹ́ tó gbẹ, eruku àti ọ́ìlì ti di ohun kan náà, ó le bí èèpá. Ẹ́ńjìnnì náà ti ń gbóná kọjá ààlà láti ìgbà pípẹ́, ooru yẹn ló jó gaskẹ́ẹ̀tì. Bí a bá fi tuntun sí i láìhọ ibẹ̀, òun náà á jó. Burọ́ọ̀ṣì, igi tín-ín-rín àti omi gbígbóná ọlọ́ṣẹ la fi họ ọ́, a dí gbogbo ihò kí omi má wọlé. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ló gbà. Òun ló pẹ́ jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Tọ́ọ̀pù gaskẹ́ẹ̀tì

A jù ú nù. Dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan la ojú rẹ̀ já láti òrùka irin dé àyè ọ̀pá tápẹ́ẹ̀tì, ó fẹ̀ tó èékánná ìka kékeré. Ṣùgbọ́n bí kò bá tilẹ̀ jó, a ì bá ṣì jù ú nù. Òrùka irin tó yí ihò písítìnnì ká ni wọ́n ṣe kó tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí a bá fi ìka yí i ká, ó ti pẹlẹbẹ, bẹ́ẹ̀ tuntun rẹ̀ ga díẹ̀ lẹ́nu. Gaskẹ́ẹ̀tì tó ti tẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi di kòtò mọ́. Àwọn kan máa ń pa ọ̀dà fàdákà tàbí gọ́ọ̀mù sí i lójú. Ó lè mú un dún fún ọ̀sẹ̀ kan. 

Tuntun máa ń wọlé ní gbígbẹ: kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí gíríìsì, kò sí ọ́ìlì. Ẹ fi í wé ti àtijọ́ kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Gbé e lé e lórí, wo ihò písítìnnì, ihò bóòtù mẹ́rin, àyè ọ̀pá tápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó jẹ́ ti 196 cc jọ ọ́ gan-an, písítìnnì 68 mm kan náà ni àwọn méjèèjì sì sábà ń lò, torí náà ìrísí àyè ìjóná lára tọ́ọ̀pù ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n, kì í ṣe ihò nìkan.

Ojú irin

Ẹ má fi burọ́ọ̀ṣì wáyà tí ẹ̀rọ ń yí họ alùmíníọ́ọ̀mù. Ó ń jẹ ẹ́ ní kòtò, wáyà wẹ́wẹ́ rẹ̀ á sì bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì. A ki àkísà bọ ihò písítìnnì àti àyè ọ̀pá tápẹ́ẹ̀tì, a fi tínà rẹ àjẹkù gaskẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a fi oparun tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ họ ọ́. Ibi tó bá ṣì lẹ̀, abẹ ìfárí ni, ní dídùbúlẹ̀, kì í ṣe ní ìnàró. Lára ẹ́ńjìnnì àtijọ́, gaskẹ́ẹ̀tì míì ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú. Ẹ má họ ọ́ ní gbígbẹ kí eruku rẹ̀ má wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ rẹ ẹ́ kó tutù.

Ihò bóòtù náà gbọ́dọ̀ mọ́, kó sì gbẹ. Ọ́ìlì tó bá kún ìsàlẹ̀ ihò tí kò já kò níbi tí yóò lọ bí bóòtù bá ń wọlé. Yálà kó la búlọ́ọ̀kù tàbí kó tan yín pé bóòtù ti dè.

Nígbà tó mọ́ tán, a gbé rúlà irin lé ojú tọ́ọ̀pù ní ìkọ̀rọ̀ sí ìkọ̀rọ̀ àti ní òró, a gbìyànjú láti ki fílà gééjì (irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo) sábẹ́ rẹ̀. Ààlà fún ẹ́ńjìnnì yìí ni 0.10 mm. Fílà 0.05 kọjá ní ìhà sàlẹ́ńsà, ti 0.08 kọjá tipátipá, ti 0.10 kò wọlé. Ó wà láàyè rẹ̀, ṣùgbọ́n létí ààlà. A yàn láti fọ̀ ọ́: sáńdípépà omi nọ́ńbà 400 lórí dígí tó nípọn, omi díẹ̀, a ń yí tọ́ọ̀pù bí nọ́ńbà 8, láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ju ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, a fi bírò ya ìlà sí gbogbo ojú rẹ̀. Níbi tí ìlà bá ṣẹ́kù sí, ibẹ̀ ló lọ sísàlẹ̀. Nígbà tí gbogbo ìlà parẹ́, a dúró. Lẹ́yìn rẹ̀ a fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọṣẹ títí omi fi mọ́, torí òkúta sáńdípépà kan ṣoṣo tó bá kù níbẹ̀ ló ń jẹ ẹnu fáàfù.

Ìdérí tápẹ́ẹ̀tì

A dá èyí padà. Kò rí iná, kò rí agbára ńlá, ọ́ìlì tó ń ta sí i nìkan ló ń dá dúró. Rọ́bà ni, a sì dán an wò ní ọ̀nà mẹ́ta. A ká a pọ̀ títí ẹ̀yìn fi kan ẹ̀yìn, a wo ibi tó ti ká: kò sán. A tẹ èékánná mọ́ ọn: ojú èékánná náà kún padà kí a tó kà dé márùn-ún. A fi ìka méjì wọn ibi tí bóòtù ti dè é àti àárín: ó nípọn dọ́gba. Bó bá jẹ́ pé ó ti le bí awọ gbígbẹ, tàbí tó ti pẹlẹbẹ níbi bóòtù, tó sì wú ní àárín, kò sí ìdí láti máa rọ̀ ọ́.

Nígbà tí a ń dá a padà, ẹ̀gbẹ́ tó wà lókè tẹ́lẹ̀ náà ló padà sókè. Rọ́bà tó ti gba ìrísí ìdérí rẹ̀ kò fẹ́ràn kí a yí i. Bóòtù kékeré tó ń de ìdérí yìí kò fẹ́ agbára púpọ̀. Páànù fẹ́lẹ́ ni ìdérí náà, ẹni tó bá fún un jù á tẹ ẹnu rẹ̀ wọ́, ibi tó wọ́ náà ni ọ́ìlì á sì gbà. Ìdérí tó ti wọ́, ẹ gbé e lé pátákó líle, kí ẹ fi hámà kékeré gbá a padà kó tẹ́jú kí ẹ tó dá rọ́bà lẹ́bi.

Kábúrétọ̀

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe àṣìṣe, torí gaskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré, wọ́n sì jọra. Mẹ́ta ni wọ́n: ọ̀kan láàárín tọ́ọ̀pù àti pátákó dúdú tó ń dá ooru dúró, ọ̀kan láàárín pátákó náà àti kábúrétọ̀, ọ̀kan láàárín kábúrétọ̀ àti àpótí àlẹ̀mọ́. Ihò kéékèèké tó wà lára wọn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́. Kábúrétọ̀ ní ihò tó fi ń mí kí bẹntiróòlù lè máa sọ̀ kalẹ̀ sínú abọ́ rẹ̀. Bí gaskẹ́ẹ̀tì bá bo ihò yẹn, ẹ́ńjìnnì á dún ìṣẹ́jú díẹ̀, á kú, wọ́n á sì máa dá bẹntiróòlù lẹ́bi.

Ti ẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀pù ti ya nígbà tí a ń yọ ọ́. Jíjò níbẹ̀ kì í ta ọ́ìlì, atẹ́gùn ló ń fà wọlé: epo á fẹ́lẹ́ jù, ẹ́ńjìnnì á máa sáré sókè sódò láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, ooru á sì pọ̀ sí i. A gé tuntun láti ara bébà gaskẹ́ẹ̀tì 0.5 mm. A fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ojú pátákó dúdú, a tẹ bébà mọ́ ọn, àwòrán ojú rẹ̀ jáde. Ihò la kọ́kọ́ lù, a gé ìta rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tó bá gé ìta ṣáájú, bébà á ya mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi ihò. Páìpù irin kékeré tí a pọ́n ẹnu rẹ̀ la fi lu ihò lórí pákó, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàgà. Páálí bisikíìtì kò dára fún èyí. Bẹntiróòlù á rẹ̀ ẹ́, fọ́nrán rẹ̀ á wọ ihò jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tí bẹntiróòlù ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Páálí wúlò fún àwòrán nìkan, kí ẹ fi dán ìwọ̀n wò kí ẹ tó gé ojúlówó bébà.

Méjì tó kù kò ya, kò sì gbẹ jù. Wọ́n padà, ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀.

Ọ́-ríǹgì abọ́ kábúrétọ̀ ni a dúró lé lórí jù. Bí a ti ṣí abọ́ náà, ó wú, ó gùn kọjá ìlà tó ti jáde. Bí a bá kì í níbì kan, á yọ níbòmíì. Ọ̀pọ̀ máa ń jù ú nù lójú ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n gé e kí wọ́n fi gọ́ọ̀mù so ó. Bẹntiróòlù tó mu ló mú un wú. A nù ún, a fi í sí ibòòji títí di ọjọ́ kejì, ó súnkì padà, ó sì jókòó sínú ìlà rẹ̀ wẹ́kú. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń padà. Èyí tó bá ṣì gùn lọ́jọ́ kejì tàbí tó ti sán, ẹ ra òmíràn tí wọ́n ṣe fún bẹntiróòlù. Rọ́bà páìpù omi kì í dúró nínú bẹntiróòlù, bó ti wù kí ìwọ̀n rẹ̀ bá a mu tó.

Gọ́ọ̀mù sílíkóònù kò ní ibi kankan nínú ilé bẹntiróòlù. Ó ń wú, ó ń fọ́ wẹ́wẹ́, ihò jẹ́ẹ̀tì tó kéré ju ihò abẹ́rẹ́ ni yóò sì dí.

Sàlẹ́ńsà, wọ́ṣà, ọ́ìlì síìlì

Gaskẹ́ẹ̀tì sàlẹ́ńsà: tuntun. Èéfín dúdú ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, àmì pé ó ti ń fẹ́. Èéfín tó ń jò níbẹ̀ ń gbóná sí ara kábúrétọ̀, ó sì ní májèlé tí kò ní òórùn tí imú lè mọ̀. Ẹ̀rọ yìí ń ṣiṣẹ́ ní ìta gbangba, jẹnẹrétọ̀ náà gbọ́dọ̀ jìnnà sí fèrèsé.

Wọ́ṣà ihò tí a ti ń ja ọ́ìlì, bàbà ni wọ́n fi sí i tẹ́lẹ̀. Bàbà máa ń le bó bá ti tẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi dí lẹ́ẹ̀kejì. Ó ṣeé dá padà sí rírọ̀: a fi wáyà gbé e sórí iná gáàsì ní ibi tí kò mọ́lẹ̀ jù, títí ó fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, a jù ú sínú omi. Irin lásán ló ń le nínú omi, bàbà kì í le. Omi yẹn tún ń ṣí èèpo dúdú rẹ̀ kúrò. A fi sáńdípépà 400 fọwọ́ pa á lórí dígí, ó tán. Ti alùmíníọ́ọ̀mù yàtọ̀: ó ń yọ́ ní 660 °C kó tó pọ́n rárá. Ẹ fi ọṣẹ sàmì sí i lójú. Bí ọṣẹ bá ti dúdú, ẹ gbé e kúrò. Lóòótọ́, wọ́ṣà tuntun kò wọ́n. Ọgbọ́n yìí wà fún alẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù ti tì.

Ọ́ìlì síìlì ìhà púlì (òrùka rọ́bà tó yí ṣáàfù, irin tó ń yí púlì, ká kí ọ́ìlì má jáde), 25 × 41.25 × 6 mm, jò. Omi ẹ̀gẹ́ kan ń ta sí i lójoojúmọ́, ṣítáàṣì tó gbẹ lára ṣáàfù sì ń ṣe bíi sáńdípépà sí ẹnu rọ́bà. Síìlì tí a ti fi irin wú jáde kò padà mọ́, bí ẹnu rẹ̀ tilẹ̀ dára, torí ara irin rẹ̀ ti wọ́. A fi èékánná tọ ara ṣáàfù: ìlà kékeré kan wà níbi tí ẹnu síìlì àtijọ́ ti ń yí. Bí tuntun bá jókòó sí ibẹ̀ kan náà, á jò. A tì í wọlé 1 mm jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí ẹnu rẹ̀ bọ́ sórí ara ṣáàfù tí kò tíì jẹ. Kí a tó kì í, a fi sẹ́lótéèpù fẹ́lẹ́ bo kòtò tí kíì púlì (irin kékeré tó ń di púlì mú mọ́ ṣáàfù) ń jókòó sí, torí etí kòtò náà mú bí abẹ. Gíríìsì kún àárín ẹnu rẹ̀. Ó ń dá ẹnu lọ́wọ́ kó má gbẹ jó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń di spíríǹgì róbótó ẹ̀yìn rẹ̀ mú kó má fò jáde nígbà tí a ń gbá a wọlé.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù

A kò lo gọ́ọ̀mù níbì kankan lára ẹ́ńjìnnì yìí. Gọ́ọ̀mù ní ibi tó yẹ ẹ́: ibi tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì kò fi gaskẹ́ẹ̀tì sí láti ìbẹ̀rẹ̀, bíi páànù ìsàlẹ̀ ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Níbẹ̀, gọ́ọ̀mù tí a fà bí okùn tó nípọn 2 sí 3 mm ti tó, kí ó yí ihò bóòtù ká láti inú, kí ẹ dè é kí ojú rẹ̀ tó gbẹ, kí ẹ sì fún un ní wákàtí 24. Ẹni tó bá rọ́ ọ bí ìkọ́kọrẹ́ sínú abọ́, ìdajì á tú síta, ìdajì á tú sínú. Èyí tó tú síta lẹ ń rí. Nínú ọkọ̀, èyí tó tú sínú ló ń dí ẹnu páǹpù ọ́ìlì. Èyí tó bá ń rùn bí fínígà náà, ẹ má fi kan ẹ́ńjìnnì, ó ń jẹ irin.

Ẹ má sì gbé gbogbo ohun tí a kọ níbí lọ sórí ọkọ̀. Bóòtù tọ́ọ̀pù ẹ́ńjìnnì yìí ṣeé lò padà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá mọ́, ṣùgbọ́n nínú àwọn ọkọ̀ kan, nína ni bóòtù náà ń nà nígbà tí wọ́n bá dè é, ìgbà kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń lò ó.

Dídè padà

Ọjọ́ kejì, láàárọ̀. Písítìnnì wà lókè, fáàfù méjèèjì ti pa dé. Píìnì méjì tó ń darí tọ́ọ̀pù wà ní àyè wọn. Gaskẹ́ẹ̀tì gbígbẹ, tọ́ọ̀pù lé e, a fi ọwọ́ lásán yí bóòtù mẹ́rin wọlé.

Agbára tó yẹ kí a fi yí bóòtù 8 mm wọ̀nyí ni 24 Nm (ìwọ̀n agbára yíyí), ní ìpele mẹ́ta: 10, 18, 24, ní ìkọ̀rọ̀ sí ìkọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń ka agbára lè lo òṣùwọ̀n oníkọ̀ọ́ tí wọ́n fi ń wọn ẹrù. Ẹ sàmì sí 25 cm lára ọwọ́ sípánà láti àárín bóòtù, ẹ kọ́ òṣùwọ̀n síbẹ̀, ẹ fà á ní gígùn tó dojú kọ ọwọ́ sípánà wẹ́kú, láìdà á sí ẹ̀gbẹ́. 4.1 kg fún ìpele kìíní, 7.3 kg fún èkejì, 9.8 kg fún ẹ̀kẹta. Fífún un ju bẹ́ẹ̀ lọ kò mú un dí sí i. Ihò alùmíníọ́ọ̀mù ló ń ya, tọ́ọ̀pù ló sì ń tẹ̀ láàárín bóòtù méjì.

Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì ní títutù: ẹnu ìwọlé 0.15 mm, ti sàlẹ́ńsà 0.20 mm. Àlàfo púlọ́ọ̀gì 0.7 sí 0.8 mm. Ọ́ìlì tuntun 0.6 lítà, ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Fóòmù àlẹ̀mọ́ la fi ọṣẹ fọ̀, a gbẹ ẹ́, a fi ọ́ìlì díẹ̀ rá a, a fún un títí kò fi kán mọ́.

Okùn le lọ́wọ́ padà. Ó dún ní fífà kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìsí ẹrù, a fi omi ọṣẹ pa ìsopọ̀ tọ́ọ̀pù yí ká, kò sí ìfóòfó. A fi ọwọ́ sí ẹnu ihò ìmí: ó ń mí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kò fẹ́ ọ́ìlì. Lẹ́yìn náà ẹ̀gẹ́ wọlé, abọ́ kan, abọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ díẹ̀, ó gbé ara rẹ̀ dìde padà.

Lẹ́yìn wákàtí márùn-ún iṣẹ́, a ja ọ́ìlì yẹn, a fi tuntun sí i, torí ìdọ̀tí tí a ń họ kò lè má ta díẹ̀ sínú. Wọ́ṣà bàbà tí a yáná fún kò kán ẹyọ kan. Ẹ̀yìn púlì gbẹ, ṣùgbọ́n a gé rọ́bà taya àtijọ́ kan bí ìbòjú, a fi bóòtù méjì dè é sáàárín ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ àti síìlì kí omi má máa ta sí i tààrà. A sọ fún àwọn tó ni ín pé kí wọ́n máa ṣí ìdérí fáànù, kí wọ́n họ ìyẹ́ rẹ̀ ní oṣooṣù. Ọ́-ríǹgì abọ́ kábúrétọ̀ nìkan ni a ṣì ń ṣọ́: òórùn bẹntiróòlù díẹ̀ wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, kò tíì kán, a sì ti fi tuntun rẹ̀ sínú ọ̀rá, a so ó mọ́ ọwọ́ ẹ́ńjìnnì.